Ìpè ìrun ni aago ìyá wa

Díẹ̀ ló kù kí n bú ìyàwó àbúrò mi ní Pira lónìí!

Ìyá wa, tí kò lè dá dìde mọ́, ń sùn jẹ́jẹ́ lórí àga. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Alásárì báyìí, ìyàwó gbé wọn, ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ká ìró sí wọn nídìí.

Mo ní: "Jẹ́ kí wọ́n sinmi, jàre!"

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìpè ìrun ni aago wa. Láàárín ìrun méjì, mo tún ń yí wọn, kí ibi tí wọ́n fi jókòó má baà di egbò. Ẹ wo ìdí wọn, ṣé ẹ rí egbò?"

Kò sí ẹyọ kan.

Àga tìmùtìmù tí èmi rà ní Savalou ńkọ́? Ìyá máa ń yọ̀ ṣubú nínú ẹ̀. Adìẹ ló ń yé ẹyin sí i báyìí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ṣì ń tì mí.