Orúnkún Tí Omi Alága Wò Sàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá fún yín. Èmi ni Bàbá Gíà, ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Gíà ọkọ̀ ni mo tà ní Ládìpọ̀ títí irun mi fi funfun. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gba dìgírì! Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí mo bá ní mo rí ejò, ó lè jẹ́ aláǹgbá ni.

Ẹ ṣáà ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣòfin tí yóò máa fìyà jẹ ẹni tó bá gbé ìròyìn òfégè sórí ìkànnì ayélujára. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ìjọba kàn fẹ́ fi di aráàlú lẹ́nu ni, pé àwọn èèyàn gbọ́n tó láti mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Alága wọ́ọ̀dù wa wá kéde ìpàdé ìta gbangba fún Sátidé, ní pápá iléèwé, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ibi tí ẹgbẹ́ dúró sí. Ó ní èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn àgbà. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Torí pé bí mo bá ti gba máìkì, ẹni tó ń sùn á jí!

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Alága ṣí kànga dẹ̀rọ kan fún àdúgbò wa, ó kun táǹkì rẹ̀ ní àwọ̀ ẹgbẹ́. Ni ọgbọ́nkọ́gbọ́n bá sọ sí mi lórí. Mo ní kí n bá ẹgbẹ́ polówó díẹ̀. Mo gbé fóònù, mo gbohùn mi sílẹ̀. Mo ní orúnkún mi tó ti ń dùn mí látọjọ́ pípẹ́, mo fi omi Alága wẹ̀ ẹ́, ó ti sàn! Mo ní mo ti ju ọ̀pá nù. Mo ní èmi àti rélùwéè jọ sáré dé Èbúté Mẹ́ta, mo ṣáájú ọkọ̀ débẹ̀, mo tún jókòó dè é! Mo fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù àdúgbò wa, mo wá ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ṣé ẹ rò pé àwọn náà rẹ́rìn-ín? Kó tó dalẹ́, àna mi kan tó ń gbé ní Ìkòròdú fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi. Kò tiẹ̀ dá ohùn mi mọ̀! Ó ní kí n má fi ṣeré, kí n tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Irọ́ tèmi, wọ́n gbé e wá bá mi nílé!

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì ti tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá láti Mushin, wọ́n wá láti Yábàá. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an wá, ọ̀kan ní ìjókòó ti ba ẹ̀yìn òun jẹ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, ẹ náà gbà á gbọ́?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn díẹ̀, ká fi yín ya fídíò."

Mo bá rìn. Láìmú ọ̀pá! Egungun mi ń ké, èmi ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Alága kọjá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó yọrí síta. "Bàbá Gíà, ẹ kú iṣẹ́! Àwọn ẹgbẹ́ kejì ò rí oorun sùn!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rìsí.

Yàrá Ìyá Rìsí ló dojú kọ tèmi nínú ilé tí a jọ háyà. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, òun ló ń bu ọbẹ̀ fún mi, tí yóò sì máa bú mi bó ṣe ń bù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, oògùn ló ń kó o níjàánu. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a tó di ògiri mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bèèrè bóyá ó ti lo oògùn. Ó na ìgò omi sí mi.

"Omi Alága ni mò ń mu. Mo ti pa oògùn tì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. "Ìyá Rìsí, ẹ gbọ́, irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ bóo? Ṣé irọ́ ló ń rìn láìmú ọ̀pá níta yẹn?"

"Mò ń díbọ́n ni! Ẹsẹ̀ ń pa mí kú!"

"Gíà, ìlara ni. Ara tìẹ ti yá, o ò fẹ́ kí tèmi yá. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Mo sáré gbé ohùn mìíràn jáde, mo ní irọ́ ni tàkọ́kọ́. Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni? Kò sẹ́ni! Ẹnì kan ṣoṣo ló fèsì, ó ní èló nìjọba fún mi.

Mo wá lọ bá Alága, mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó fa ojú ro. Ó ní kí n jẹ́ kí ìpàdé kọjá ná, pé bí a bá jẹ́wọ́ báyìí, ìjọba á ní ẹ ò rí i, àwọn tó ń ta ko òfin gan-an ló ń purọ́. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá! Ṣùgbọ́n mo bi í pé bí nǹkan bá ṣe Ìyá Rìsí kí Sátidé tó dé ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀.

Sátidé dé, pápá kún. Alága ka ìwé ẹgbẹ́: a ò fẹ́ òfin tó ń di ẹnu, ẹ jẹ́ kí aráàlú fúnra wọn yẹ ọ̀rọ̀ wò. Àtẹ́wọ́ ròkè lálá! Ló bá nawọ́ sí mi. "Bàbá tí omi wa wò sàn, ẹ máa bọ̀!" Ìyá Rìsí wà níwájú, ìgò lọ́wọ́. Àǹtí Bọ́lá, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa, jókòó tì í.

Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gun àtẹ̀gùn ìtàgé bí ọmọ tó ń rá. Mo gba máìkì, mo ní irọ́ ni mo pa, omi lásán ni. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n ní Bàbá Gíà tún ti dé! Ẹ wo wàhálà! Mo sọ òótọ́ ní gbangba tán, wọ́n kà á sí àwàdà!

Kí ni n ó ṣe? Mo ká ṣòkòtò sókè. Orúnkún náà wú, ó ń dán bí orí ọmọ tuntun. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo ní ẹgbẹ́ wa ò fẹ́ òfin yẹn, èmi náà ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá kú nítorí irọ́ mi, ẹnu wo la ó fi ní kí ìjọba má dá sí wa?

"Ìyá Rìsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lo oògùn yín."

Ó dìde, ó sún mọ́ ìtàgé, ó wo orúnkún mi dáadáa. Ló bá da gbogbo omi ìgò yẹn lé mi lórí!

"Òpùrọ́ aláìnítìjú! Ọbẹ̀ mi ò tún ní kan ẹnu ẹ mọ́!"

Bó ṣe ń pariwo ni òòyì kọ́ ọ. Àǹtí Bọ́lá gbá a mú, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Àwọn dókítà ní ká dúpẹ́ pé a ò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wálé báyìí, ó ń lo oògùn. Ó ń bú mi láàárọ̀, ó ń bú mi lálẹ́, ó sì ń dùn mọ́ mi létí!

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù jókòó ìpàdé, Alága ló kọ́kọ́ ní bóyá òfin yẹn tiẹ̀ dára, kí wọ́n kàn fi èmi bẹ̀rẹ̀! Àǹtí Bọ́lá ní rárá o. Ó ní bí agbára yẹn bá dọ́wọ́ ìjọba, ẹni tó ń sọ òótọ́ fún wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ kí ìjọba ṣọ́ ẹnu òun gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó yíjú sí Alága: "Bàbá sọ fún yín ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ dákẹ́." Ọjọ́ yẹn ni Alága gbé ohùn tiẹ̀ náà jáde pé omi lásán ni. A sì fẹnu kò pé ẹgbẹ́ ṣì ń ta ko òfin náà, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ní orúkọ ẹgbẹ́ nínú, Àǹtí Bọ́lá ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Nígbà tí mo purọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan. Nígbà tí mo sọ òótọ́, wọn ò gbà títí mo fi ká ṣòkòtò! Torí náà, bí ohùn kan bá dé orí fóònù yín pé ìwòsàn ti dé, ẹ bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó bi Bàbá Gíà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba irú rẹ̀ gbọ́ nílé yín? Báwo lẹ ṣe yí i lọ́kàn padà? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mò ń retí yín. Àǹtí Bọ́lá ti ka tèmi yìí kó tó jáde o. Ó yọ ìpínrọ̀ kan tó kan ọkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti fi iyọ̀ sí i!