Zvane Adití àti Àpótí Nives

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Zvane Peruško nígbà tó wọ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ní Pola. Ọba tó wà ní Vienna ló ni èbúté nígbà yẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn Ítálì gbà á, wọ́n sọ Zvane di Giovanni. Àwọn Jámánì tún dé, lẹ́yìn wọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyípadà ìjọba kò dí òòlù Zvane lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ariwo irin dí i létí. Kó tó pé ogójì ọdún, ó ti ya adití.

Nives, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ítálì, ni kì í pariwo mọ́ ọn. Ìka ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i látẹ́lẹwọ́. Bó bá jẹ́ èébú, a fi èékánná kọ ọ́.

Lọ́dún 1947, ìlú di ti Yugoslavia. Àwọn Ítálì tí kò fẹ́ ìjọba tuntun ń wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Ítálì nínú yìnyín. Ìṣó wọ́n bí ojú, ni Zvane bá ń na èyí tó ti wọ́, ó ń kan àpótí fún aládùúgbò. Ti Nives ló fá dán jù.

Fosca, ẹ̀gbọ́n Nives, wò ó títí. “Ọkọ àbúrò mi, ṣé o fẹ́ lé e lọ ni?”

Nives kọ ọ́ sí i lọ́wọ́. Zvane fi ohùn adití dáhùn, gbogbo àdúgbò gbọ́: “Èmi náà ń lọ! Ta ni kó máa bá mi sọ̀rọ̀ níbí?”

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Nives wá a títí, kó tó bá a lọ́gbà iṣẹ́. Zvane fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́, ó di ojú, ìgbọ̀nrìrì òòlù ń gun apá rẹ̀. Obìnrin náà rọra padà sẹ́yìn.

Ní èbúté, ó dì mọ́ Fosca tó ń wọ ọkọ̀ lọ, ó sunkún, ó sì lọ jókòó lórí àpótí. Ó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i: *Ṣí i. Ìkòkò wà nínú rẹ̀. Ebi ń pa mí.*

“Ọkọ̀ ń lọ, Nives!”

*Jẹ́ kó lọ.*

Zvane bú sẹ́kún níṣojú àwọn sójà. Wọ́n ti àpótí padà sílé nínú yìnyín, wọ́n ro polenta, ọkà àgbàdo wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Ọdún mẹ́fà sí i ni Zvane fi ṣiṣẹ́ lọ́gbà náà. Bí lẹ́tà Fosca bá dé láti Turin ní Ítálì, Nives a máa kà á lákàtúnkà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Zvane kì í bi í léèrè. Yóò kàn fọ abọ́, yóò dáná, yóò sì fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ti ìyàwó rẹ̀.