Òkìtì Aṣọ Tí Ìyá Mi Kò Tíì Tú

Mò ń dá gbé ní Ìkìrun, nítorí náà fóònù àti ìwé kíkà ló ń bá mi ṣeré. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí sẹ́ẹ̀lì ara ṣe ń tún ara rẹ̀ lò. Bí nǹkan kan bá gbó nínú rẹ̀, awọ onílọ́po méjì á ká a mọ́, á gbé e lọ bá àpò kékeré kan tí omi kíkan wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti tú u sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn náà ni sẹ́ẹ̀lì á fi kọ́ nǹkan tuntun. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń fetí sí mi ni ìyá mi, aránṣọ ní Òkukù.

Ó yé wọn kí n tó sọ ọ́ tán, torí wọn kì í ju aṣọ gbígbó nù. Bíléèdì ni wọ́n fi ń tú u. Bọ́tìnnì á bọ́ sínú agolo mílíìkì, ibi tó ṣì lágbára á di ṣòkòtò ọmọdé, ìyókù á di àkísà tí wọ́n fi ń nu òróró ẹ̀rọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, dókítà sì ní àìsàn ọpọlọ kan tó ń mú ara gbọ̀n ni. Mo ka nípa àìsàn náà títí ojú fi ń ta mí. Àwọn onímọ̀ gbà pé iṣẹ́ títú yẹn máa ń falẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan, tí ìdọ̀tí á wá ṣù jọ síbẹ̀.

Nígbà tí aládùúgbò ìyá mi pè mí pé wọ́n ti fi bíléèdì gé ara wọn lọ́wọ́, mo wọ ọkọ̀. A kọjá Inísà, mi ò tíì mọ bí n ó ṣe gba bíléèdì náà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo wọlé bá wọn, òkìtì aṣọ tí wọn kò tíì tú ti dé ojú fèrèsé. Púlásítà wà ní àtàǹpàkò wọn.

"Mọ́mì, ẹ fún mi ní bíléèdì yẹn."

"Kí èmi wá máa ṣe kí ni? Kí n máa lé eṣinṣin?"

"Ẹ ti gé ọwọ́, ma."

"Ọwọ́ ta ni? Dókítà orí fóònù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tèmi ńkọ́? Ṣé wọn ò tú nǹkan mọ́ ni?"

Irọ́ ti dé ètè mi, àmọ́ òótọ́ ni mo sọ. "Wọ́n ń tú u, ma. Ó kàn ń falẹ̀ ni."

Wọ́n wo òkìtì náà títí. Wọ́n wá na bíléèdì sí mi. Ó ń gbọ̀n láàárín ìka wọn, mo ní láti dúró kí n tó rí i gbà.

"Òwú ni kí o gé o. Bí o bá gé aṣọ mi pẹ́nrẹ́n, Ìkìrun ni wàá sùn lónìí."

Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń ṣàlàyé awọ onílọ́po méjì lọ, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí i pé wọ́n ti sùn lọ lórí àga. Mo ju bọ́tìnnì kan sínú agolo, ó dún gan-an. Wọn ò jí, wọ́n ń hanrun lọ. Mo fa aṣọ mìíràn yọ.