Ìparí Ìwé Aránwé

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa fi òwú rán ìwé pọ̀ nílé ìtẹ̀wé, ìdí nìyẹn táwọn aládùúgbò fi ń pè é ní Aránwé. Ìtàn àròsọ tó ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá ò lóǹkà, kì í sì í ráyè ka ọ̀kan tán. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó mú ọ̀kan wálé, ìtàn opó kan tó ń wá ọmọ ẹ̀ tó sọnù. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé òun ò ní í kúrò lórí àga títí òun á fi mọ̀ bóyá wọ́n rí ọmọ náà.

Ta ló fẹ́ jẹ́ kó jókòó? Kò tíì fìdí kanlẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi yọjú.

"Ìyàwó mi, níbo lo kó ìbọ̀sẹ̀ mi sí?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ yín, olówó orí mi."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ wọlé dé. "Ìwé lò ń kà ni? Máa kà á lọ, jàre," ni ìyá wí, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn orúnkún tó ń dùn ún. Inú ń bí Aránwé burúkú burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Ó ki ìka bọ àárín ìwé títí ìka náà fi kú.

Ọjọ́ tí ìsinmi máa parí ló tó tilẹ̀kùn mọ́rí. Opó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó gbọ́ ohùn ọmọ, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Aránwé sáré ṣí ojú ìwé tó kàn. Opó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹrù kúrò nílé ni! Abala tó ti kà lánàá ni wọ́n tún rán síbẹ̀, abala ìparí ò sí rárá.

Ó bú ẹni tó rán an dáadáa. Lójú ẹ̀ bá lọ síbi òwú. Kókó méjì ló wà nísàlẹ̀, òun nìkan ló sì ń ta kókó méjì níbi iṣẹ́. Ó rántí. Ó ń yọ́ ìtàn yìí kà lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá wọlé, ló bá sáré he abala tọ́wọ́ ẹ̀ bà.

Ọkọ ẹ̀ kanlẹ̀kùn. "Ṣé wọ́n ti rí ọmọ náà?"

"Wọn ò rí i," ni Aránwé dáhùn. "Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i."