Ọjọ́ Tí Mo Fi Òkúta Ọmọ Mi Se Ẹ̀wà

Kí ẹnikẹ́ni tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé funfun ni òkúta náà, ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀ lára, inú àwo kékeré ló sì wà lójú wíńdò kíṣìnì wa ní Queens Village nílùú òyìnbó, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó mi máa ń sá kaún sí kó má baà rin. Ẹni tó bá gbé ilé Yorùbá rí, kó wá dá mi lẹ́jọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni. Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Jamaica, àdúgbò kan nítòsí wa. Èmi náà kì í jókòó lásán láàárín ọ̀sẹ̀. Àga oníkẹ̀kẹ́ ni mo ń tì fún àwọn arúgbó ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n tèmi ni Sátidé, ẹ̀wà ni mo sì máa ń sè. Ẹ̀wà ọjọ́ náà wá lágídí. Ó ti hó fún wákàtí kan, ó ṣì ń le kankan lábẹ́ eyín. Mo wo ojú wíńdò, mo rí kaún. Mo fẹ́ fọ́ díẹ̀ lára rẹ̀, mo fi ọmọ odó lù ú, kò fọ́. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kò korò, kò níyọ̀. Mo ní ó ti pẹ́ jù nílé ni, agbára rẹ̀ ti lọ. Mo bá ju odidi rẹ̀ sínú ìkòkò. Nígbà tí ebi wá fẹ́ pa mí, mo da ata, epo àti irú sí i, rírọ̀ ni, àìrọ̀ ni.

Ọmọ mi obìnrin ló ni òkúta náà. Ó sun ilé wa mọ́jú, ó sì ti jáde kí n tó jí.

Kí n sọ òótọ́, kó tó wá lálẹ́ àná rẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọmọ yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wa, ẹnu mi ló sì fà á. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó so òkúta aláwọ̀ ewé kan mọ́ ọrùn. Mo bi í pé kí ni, ó ní ó ń fún òun ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Ṣebí kí n dákẹ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì la wà, àwọn bàbá ìjọ dúró, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà náà dúró. Mo gbé ohùn sókè, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kó lè yé tọmọdé tàgbà: "Come and see my daughter! She finished college, now she is worshipping stone!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sí St. George ní Staten Island, níbi tó ń gbé, ó sì dúró síbẹ̀. Bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù tó jẹ́ èmi ni mo gbé e, á ní, "Good evening, sir," bí ẹni tó ń bá ọ̀gá báńkì sọ̀rọ̀. Ó dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá wí?

Àfi bó ṣe ṣàdédé wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tó ní òun fẹ́ kí n bá òun lọ síbì kan lọ́jọ́ kejì.

"Daddy, tomorrow is spring equinox. Èmi àti àwọn friends mi máa ń celebrate ẹ̀. It's when day and night are equal. Mo fẹ́ kí ẹ wá."

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé nílẹ̀ Yorùbá, ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán àti òru dọ́gba lójoojúmọ́ ayé, kò sì sẹ́ni tó se ìrẹsì lé e lórí. Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Màá wá, ọmọ mi."

Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré gbé fóònù nígbà tó dún ní Sátidé yẹn, tí mo ń bu ẹ̀wà sáwo lọ́wọ́.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé crystal mi lórí window kitchen, níbi tí mo sá a sí kó lè gba agbára oòrùn. The white one. Ẹ bá mi mú un bọ̀. Òun la máa gbé káàkiri, everybody has to hold it. Three o'clock o."

Mo wo wíńdò. Mo wo ìkòkò.

"Daddy? Are you there?"

"Mo wà níbí."

Mo pe ìyàwó mi, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í níbi tó kó kaún sí. Ó ní inú ìgò ni, lẹ́yìn iyọ̀, kí ló dé? Mo ròyìn fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé mo gbọ́ ìyá arúgbó tó ń tọ́jú tí ń bi í pé ṣé kò sí. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Olówó orí mi, ẹ gbọ́. Ọmọ yìí ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Tí ẹ bá tún fi ẹnu yín tì í, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa dá jẹun nínú ilé yẹn."

Mo fi ìgbakọ wá òkúta kàn nísàlẹ̀ ìkòkò. Epo ti wọ inú gbogbo ihò ara rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ eyín fọ̀ ọ́. Òkúta funfun ti di aláwọ̀ òféèfèé. Ti òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, irú kì í gbọ́ ọṣẹ. Mo wọ kóòtù tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo so táì, mo ti òkúta bọ àpò, mo sì dì í mú níbẹ̀ bí ẹni tó mú olè.

Nínú ọkọ̀ ojú irin E, obìnrin kan tó jókòó tì mí fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staten Island, ẹyẹ òkun kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi láti orí irin kan dé òmíràn. Mo ní kó máa lọ, kò lọ. Jẹ́jẹ́ ni mo ń to irọ́ jọ: màá ní ó já bọ́, màá ní ìdí ìkòkò ni mo gbé e sí.

Etí omi ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ náà, atẹ́gùn ń fẹ́, òtútù ń mú. Wọ́n tó mẹ́wàá, wọ́n dé òdòdó sórí, wọ́n sì dúró yípo. Èmi nìkan ni mo so táì. Olórí wọn, ìyá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, dì mọ́ mi kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó gba òkúta lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Look at that color! The sun really charged it!"

Epo pupa ni. Mo tún táì mi ṣe.

Ó ṣàlàyé pé ẹni tí òkúta bá kàn yóò sọ ohun tó fẹ́ kó bá òun wò sàn. Ó gbé e sí imú, ó di ojú. "It smells like the earth," ó wí. "Something very, very old." Irọ́ ni. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí ìyá ìyàwó mi fi irú náà ránṣẹ́. Wọ́n gbé òkúta fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Ó ní ó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ló mú un gbóná láti Queens. Ó wá ní, "I don't know why, but I feel hungry." Ìyá náà ní, "Honor that."

Ó wá kan ọmọ mi. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ojú rẹ̀ là kedere. Ọmọ tí wọ́n bí ní Queens ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé wa ló ti jẹun dàgbà.

"Daddy," ó rọra sọ, "kí ló dé tí crystal mi ń rùn bí ẹ̀wà?"

Gbogbo irọ́ tí mo tò jọ wá sá lọ. Mo ní, "Mo sè é ni. Mo ṣe bí kaún ni."

Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sọ nínú ara mi pé ó tán, oṣù mẹ́jọ mìíràn nìyẹn. Ó káwọ́ mọ́ ikùn, ó jókòó sórí koríko, ẹ̀rín ló ń rín tí omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé òkúta ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe, "Let it out! Let it go!" Ìyá òyìnbó náà gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ní, "And you, Dad? What needs healing?"

Mo ti fẹ́ sọ pé orúnkún. Mo wo ọmọ mi nílẹ̀ níbẹ̀, tó ń nu ojú, mi ò sì rántí ìgbà tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi kẹ́yìn. Bàbá tó bí mi kò bẹ ọmọ rí láyé rẹ̀. Èmi náà kò ṣe é rí.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn," mo wí, "kò yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Mo gbọ́, Daddy. But ti ọjọ́ yẹn, ẹ ò fi Yorùbá sọ ọ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Mo kọjú sí àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí òdòdó wà lórí wọn. Mo gbé ohùn sókè gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbé e sókè níwájú àwọn bàbá ìjọ.

"I disgraced my daughter in front of people," mo wí. "I am sorry."

Ọmọ náà dìde lórí koríko, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.