Ìka Ìyá Oníná

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Oníná fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá wa. Okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ló ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wá síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀kan. Kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti dàrú. Ẹ̀rọ ló máa ń sọ ohun tó jẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí ibi tí ẹ̀rọ ti ṣì í.

Ẹ̀rọ yẹn lọ́ra. Ìtumọ̀ mẹ́rìndínlógún ló ń yẹ̀ wò kó tó mọ èyí tó máa mú.

"Ọ̀gá, méjìlá nínú ẹ̀ kì í tọ̀nà láé," ni Ìyá Oníná, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, sọ. "Ẹ jẹ́ kó máa wo mẹ́rin tó sún mọ́ òótọ́."

Wọ́n dán an wò, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó fẹ́ fi ọgbọ́n kan náà wo àwa méje tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi ka iye àṣìṣe tí kálukú rí lọ́dún yìí. Mẹ́rin tó bá rí jù la máa mú, àwọn mẹ́ta tó kù á máa lọ sílé."

Màmá kò mọ irọ́ í pa. Ó ṣí ìwé iṣẹ́, ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀. Àṣà wa sì ni pé ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ló ń buwọ́ lùwé. Bí ojú wa bá rú, a ó ké sí Màmá, á wá dúró lẹ́yìn wa, á nàka.

"Ibẹ̀ yẹn nù-un, ìwọ afọ́jú tó ń gbowó oṣù!"

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí ìwé náà jáde, mọ́kànléláàádọ́ta ló wà níwájú orúkọ mi. Ogójì nínú ẹ̀, ìka Màmá ni. Mẹ́ta péré ló wà níwájú orúkọ tirẹ̀.

Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ. "Ṣé ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ sí i?"

Màmá wò mí. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Irọ́ ni o. Èmi dákẹ́, tèmi sì dáa. Aláìmoore ni mí, mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn gan-an.

Màmá yíjú sí ọ̀gá.

"Ìṣirò yẹn pé, ọ̀gá. Èmi ni mo kà á."