Ìsàlẹ̀ Lomi Ń Gbà Wọlé

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ni ìyá olùkọ́ yìí ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, Gba-Ìsàlẹ̀ sì ni ìnagijẹ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Bí ẹ bá ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu rẹ̀: bí a bá ń se omi dídọ̀tí kí ooru rẹ̀ lè padà di omi mímọ́, omi tútù tó ń yí ìgò gígùn tí ooru náà ń gbà kọjá ká gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ wọlé, kó gba òkè jáde. "Bó bá gba òkè wọlé, ìgò ò ní kún. Bí kò bá kún, ooru á sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́!" Ọmọ rẹ̀ obìnrin tilẹ̀ sọ pé ojú oorun gan-an ló ti máa ń sọ ọ́.

Ní sáà kan, ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ sọ yàrá sáyẹ́ǹsì di ibi tí wọ́n á máa kó àga tó ti kán sí. "Ìyá, ta ló ń lò ó gan-an?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí ìnsípẹ́kítọ̀ wá wo iṣẹ́ kan péré. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yàrá dúró. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí àga máa wọlé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá po yíǹkì mọ́ omi iyọ̀, ó so rọ́bà omi tútù mọ́ ìgò gígùn náà, ó tanná sí i. Omi hó. Kàkà kí omi mímọ́ máa kán tó, tó, tó sínú kọ́ọ̀bù, ooru ló ń fẹ́ jáde fùùù. Ó bo awò ojú ìnsípẹ́kítọ̀. Ọ̀gá wúkọ́. Ìyá dín iná kù, ó tún fi kún un, òógùn bò ó.

Ọmọbìnrin kan wà níwájú, ọmọ ọdún méjìlá, tí "mo wà níbí, mà" nìkan la ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó nawọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Òkè lẹ ki rọ́bà omi sí. Ìgò ò kún."

Ta ló tó sọ fún Gba-Ìsàlẹ̀ pé òkè ló gbà? Ìyá wo rọ́bà náà. Yéè! Òótọ́ ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ nu awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi dán wọn wò ni, mà?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Ọ̀gá ti ń mi orí kó lè gbà. Ìyá kọ̀ ọ́.

"Rárá, sà. Àṣìṣe mi ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèrègbè." Ó pa iná, ó ní kí ọmọ náà wá fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà. Wọ́n tún tanná. Kò pẹ́, omi tó mọ́ gaara kán sínú kọ́ọ̀bù, kò sí àmì yíǹkì kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo bí ẹni jẹ góòlù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ wábi mìíràn fún àga yín."

Nígbà tí Ìyá délé, ọmọ rẹ̀ bi í bó ṣe lọ. Ìyá bọ́ bàtà, ó fara ti àga, inú rẹ̀ dùn débi tí omi fi lé ròrò sí i lójú.

"Mo ṣì í níwájú gbogbo wọn," ló wí. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ ọ́, ọmọ mi. Òní ni mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́."